Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Àti Ọmọ Ọlọ́mọ

Nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa bí a ṣe lè ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àárín wa lọ́wọ́ láti múra sílẹ̀ de ìjì àti omíyalé, mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo ní n óò to ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe lẹ́sẹẹsẹ, bí tíṣà ti ń kọ ọ́ sí ojú pátákó, n óò sì gbé kálámù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ tí kì í ṣe tèmi, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Èkó tàbí ní Iléṣà, tí ó wá kàwé ní Ìkirè, tí ó sì gba yàrá sí etí odò, gbèsè kí ni mo jẹ ẹ́ nígbà tí ìjì bá ń bọ̀? Ṣé kí n kìlọ̀ fún un ni, kí n sì máa bá tèmi lọ? Bí mo bá kìlọ̀ tí kò gbọ́, ṣé ọrùn mi ti mọ́?

Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ti fi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sí Ìkirè, ojú wa ti mọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Wọ́n ń ra dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù, wọ́n ń wá jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣé gbogbo wọn ni ó lè rí yàrá tí ó dára gbà? Rárá o. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ta àgbàdo kó tó rówó ìwé rán sí i, ibi tí owó ilé bá ti kéré jù ni yóò lọ. Ibi tí owó ilé sì ti kéré jù nínú ìlú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ àfọ̀ ni, ibi tí omi ń gbà kọjá.

Ọmọ bíbí ìlú mọ ìwà odò. Ó mọ ìdí tí àwọn baba wa fi fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìkọ́ ilé sí i láti ayébáyé. Àlejò kò mọ̀. Ẹni tí ó wá wo yàrá ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, koríko gbígbẹ ni yóò rí níbi tí omi yóò ti máa hó ní oṣù kẹsàn-án. Yóò ní ibẹ̀ tutù, atẹ́gùn ń fẹ́, ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ kàwé. Nítorí náà, kí a má ṣe sọ pé àwa àti ọmọ yẹn ni a jọ wà nínú ewu kan náà, kí olúkúlùkù máa ṣọ́ ara rẹ̀. A kò jọ wà nínú rẹ̀ bákan náà. Àwa mọ̀, òun kò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ yẹn gan-an ni ó sọ wá di onígbèsè rẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ kíyèsí i pé wọn kò sọ pé àgbà tí ó bí ọmọ náà. Ẹni tí ó wà lọ́jà ni wọ́n wí.

Kí ẹ má baà sọ pé mò ń fi ohun tí kò sí dẹ́rù bà yín, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ẹ̀mí tí ó bọ́ lé ní 100. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà nínú wa rántí bí orúkọ Ògùnpa ṣe di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Ní ọgbà IITA, níbi tí wọ́n ti ń wọn òjò, òjò ọjọ́ yẹn lé ní 180 mìlímítà. Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá já, ènìyàn tí ó lé ní 100 tún ṣòfò. Omi kò yọ Yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀. Ó wọ inú ọgbà, ó ba ìwé jẹ́, ó sì kó ẹja inú adágún wọn lọ. Àwọn tí wọ́n rò pé omíyalé jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé ni wọ́n rí i lọ́jọ́ náà. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí òjò bá rí lòjò ń pa.

Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa. Ìparí oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Ìgbà náà ni a máa ń sọ pé òjò ti sinmi díẹ̀, tí a ń sá àgbàdo, tí a sì ń fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ ti mu omi yó láti oṣù kẹfà àti oṣù keje, gọ́tà ti dí, kò sí ibi tí òjò ńlá kan ṣoṣo lè wọ̀ mọ́. Èmi kò gbà pé oṣù kẹjọ ní ègún kankan. Ìfọkànbalẹ̀ wa ni mo ń sọ.

Àwa tí a wà ní agbègbè yìí tún ní odò Ọ̀ṣun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n fi dáàmù dí ní Asẹ́jìrẹ́, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 1972, láti máa fún ìlú Ìbàdàn ní omi mu. Ìbùkún ni dáàmù náà. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣe omi inú ìkòkò tí a lè dé ní ọmọrí. Bí òjò bá rọ̀ títí láti ìhà Òṣogbo wá, omi tí ó bá pọ̀ jù gbọ́dọ̀ jáde, àwọn tí wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò sì kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau já ní ẹ̀bá Maiduguri, omi sì bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà. N kò sọ pé dáàmù tiwa fẹ́ já. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ tí ó wá láti ìlú tí kò ní odò mọ̀ pé odò kan wà nítòsí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè mi. Ìjì kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní họ́ríkéènì. Ilẹ̀ wa kò mọ irú rẹ̀, nítorí pé omi òkun tí ó gbóná ni ó ń fún un ní agbára, orí ilẹ̀ a sì máa rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Púpọ̀ nínú àwọn ìjì ńláńlá wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdàrúdàpọ̀ afẹ́fẹ́ àti ìjì ààrá tí ó gba orí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá, tí ó jáde sí orí òkun Àtìláńtíìkì ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Ohun tí ó gbé páànù fò níhìn-ín lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ohun tí yóò wó ìlú ní ọ̀hún.

Ní ọdún 2005, ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n sọ ní Katrina, dojú kọ ìlú New Orleans. Ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé ni. Ní Yunifásítì Tulane, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, ni àwọn òbí kó ẹrù àwọn ọmọ tuntun dé. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, Scott Cowen, dìde, ó ní kí wọ́n tún kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ, nítorí pé ọgbà yóò tì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ rò ó wò. Ìyá ti sunkún, ó ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó ti ní ó dàbọ̀, ni wọ́n bá ní kí ó tún mú un padà. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ọkọ̀ tiwọn, wọ́n sì lọ. Àwọn tí kò ní, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó wọn lọ sí yunifásítì mìíràn ní ìlú Jackson, ní Ìpínlẹ̀ Mississippi.

Nínú ìlú kan náà ni Yunifásítì Dillard wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ó sì tún wà lára àwọn tí ń ṣètìlẹ́yìn fún un títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Dillard kò ní mọ́tò, ilé wọn sì jìnnà. Bí wọ́n bá kàn sọ fún wọn pé ìjì ń bọ̀, ẹ sá, níbo ni wọn yóò sá sí? Àwọn aláṣẹ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kó wọn lọ sí Shreveport, ní òkè jíjìnnà nínú Ìpínlẹ̀ Louisiana. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Centenary, tí òun náà jẹ́ ti Mẹ́tọ́díìsì, ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì náà gbiná lójú ọ̀nà. Ẹrù jóná, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, ìjì dé, àwọn odi tí wọ́n fi dí omi ya, omi sì bo nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 ìlú náà. Ènìyàn tí ó lé ní 1,300 ni ó kú. Ọgbà Dillard wà lábẹ́ omi, iná sì tún jó díẹ̀ nínú àwọn ilé ibùgbé ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, inú ilé ìtura Hilton ni wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Ní Yunifásítì Xavier, tí í ṣe ti ìjọ Àgùdà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kù sínú ọgbà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyí. Ìkìlọ̀ kan náà ni gbogbo ìlú gbọ́. Rédíò kan náà ni ó sọ ọ́. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ náà kò jẹ́ ohun kan náà fún ẹni tí ó ní mọ́tò àti ẹni tí kò ní. Ẹni tí ó ní mọ́tò gbọ́ ìmọ̀ràn. Ẹni tí kò ní gbọ́ ìdájọ́.

A máa ń pa á lówe pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Mo ti kọ́ òwe yìí fún ọmọ iléèwé ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ kan ní kíláàsì márùn-ún sì béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan pé, “Tíṣà, kí ni arọ náà ṣe tí ogun kò fi pa á?” Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Arọ kò lè sáré. Ohun méjì péré ni ọgbọ́n rẹ̀ lè jẹ́. Ó lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rá lọ kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó mọ̀ pé ó yẹ kí á dìde, tàbí kí ó ti mọ ẹni tí yóò gbé e kọ́ èjìká. Bí kò bá sí ẹlẹ́jìká, ọgbọ́n arọ kò lè tó. Nítorí náà, òwe yìí kì í ṣe ti arọ nìkan. Ó ń bá àwa ẹlẹ́sẹ̀ wí pẹ̀lú. Ọmọ tí kò ní ìbátan kankan ní Ìkirè, tí owó oṣù tí wọ́n rán sí i kò ju ti gàárì àti káàdì fóònù lọ, arọ ni lọ́jọ́ omíyalé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí olùṣọ́ inú ìwé Ìsíkíẹ́lì. Bí ó bá ti fọn fèrè, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò gbọ́ kò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí odi ni olùṣọ́ náà dúró sí, àwọn tí ó ń fọn fèrè fún sì wà nínú ilé tiwọn, wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n ní ìlẹ̀kùn láti tì. Ẹ jẹ́ kí a wo ibòmíràn, orí 27 nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, nítorí pé ìtàn ìjì gan-an ni èyí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí họ́ríkéènì. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣí ọkọ̀ ní àkókò náà. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ àti atukọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Wọ́n ṣí, ìjì sì mú wọn. Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe? Ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ìbá dára bí ẹ bá ti gbọ́ tèmi. Ènìyàn ni òun náà! Ṣùgbọ́n kò dúró níbẹ̀. Ó gbà wọ́n níyànjú, ó rí i pé àwọn atukọ̀ kò fi ọkọ̀ kékeré sá lọ kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun, ó sì kọ́kọ́ bu oúnjẹ jẹ níwájú wọn. Ènìyàn 276 ni wọ́n, gbogbo wọn ni wọ́n gúnlẹ̀ láàyè. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, nínú òjò àti òtútù, àwọn ará erékùṣù tí kò mọ̀ wọ́n rí ni wọ́n dáná fún wọn yá.

Ẹ̀yin ará, nínú ìtàn yìí ni ìdáhùn mi wà. Ìkìlọ̀ a máa mú ọrùn ẹni mọ́ níwájú ìdájọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọrùn tí ó mọ́ kò ní ká aṣọ ọmọ ọlọ́mọ tí ó tutù. Bí ọmọ kò bá gbọ́ ìkìlọ̀ mi ní àárọ̀, gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ní alẹ́ kò tíì tán.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó máa ń mú kí àgbà dákẹ́, òun ni ìtìjú. A kìlọ̀, ìjì kò wá, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Mama, òjò yín dà?” Nígbà kejì, a ó pa ẹnu mọ́. Irú rẹ̀ ṣe Jónà. Ó kìlọ̀ fún Nínéfè, ìparun kò dé, inú sì bí i títí ó fi ń tọrọ ikú. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú náà parun, Jónà ìbá jẹ́ wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, èwo ni a fẹ́ràn jù, kí ọ̀rọ̀ wa ṣẹ tàbí kí àwọn ọmọ wà láàyè? Àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, tí a mọ̀ sí NiMet, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ọdọọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣẹ ní gbogbo àdúgbò, wọn kò sì sọ pé yóò ṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ká aṣọ rẹ̀ wọlé tí òjò kò sì rọ̀, kí ni ó pàdánù?

Síbẹ̀, èmi kò fara mọ́ àwọn tí ń fi irọ́ dẹ́rù ba ọmọ kí ó lè gbọ́ràn. Mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà kan máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé òrìṣà odò náà máa ń gba orí ọmọ kan ní ọdọọdún. Ọmọ yunifásítì yóò rẹ́rìn-ín sí i, yóò sì da òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ náà nù mọ́ irọ́ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ fún un. Omi tí ń ṣàn, tí kò tilẹ̀ tó orúnkún, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Omi tí ó bá dé orúnkún lè gbé ọkọ̀ kékeré. Òtítọ́ yìí bani lẹ́rù tó, kò nílò iyọ̀.

Àwọn kan yóò ní, “A ti gbàdúrà sí i.” Ó dára, èmi náà gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó gbàdúrà fún ọbẹ̀ tí kò da iyọ̀ sí i. Jósẹ́fù rí ìyàn nínú àlá Fáráò, ó sì kọ́ àká. Nóà gbọ́ ohùn Ọlọ́run kedere ju bí ẹnikẹ́ni nínú wa ti gbọ́ ọ lọ, síbẹ̀ igi ni ó lọ gé.

Èmi wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa gan-an, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Lára wa ni a ti rí onílé. Opó ni ẹlòmíràn, yàrá mẹ́rin tí ọkọ kọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bá odò ni ó ń jẹ, òun ni ó fi ń san owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè yàrá, ṣé dandan ni kí ó sọ fún un pé omi wọlé ní ọdún méjì sẹ́yìn? Bí ó bá sọ ọ́, ọmọ náà lè yí ẹ̀yìn padà, kí yàrá náà sì wà lófìfo. Mo mọ bí ó ṣe rí. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó nǹkan, n kò lè fi ẹnu gbígbẹ dá opó lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo ti wọ ilé kan, n kò ní sọ ibi tí ó wà, tí àmì omi ga dé ìdí fèrèsé lára ògiri, ọ̀dà tuntun ni onílé sì fi kùn ún kí àwọn ayálégbé tuntun tó dé. Bí a bá pa àmì omi rẹ́, omi kò mọ̀ pé a ti pa á rẹ́.

Èmi gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irọ́ kankan tí a fi ẹnu pa. Bí mo bá ta ẹja tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ fún yín tí mo sì fi ata bò ó, ẹ kò ní sọ pé mi ò purọ́. Ìdí mìíràn sì wà tí ó fi burú. Họ́ríkéènì a máa fún ènìyàn ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n ń wò ó láti ojú ọ̀run bí ó ti ń bọ̀. Ìjì tiwa kì í fún wa ju wákàtí díẹ̀ lọ, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó wákàtí kan láti ìgbà tí òfúrufú bá ti dúdú ní ìlà oòrùn. Àkókò tí ó wà láti kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú wa kì í ṣe ọjọ́ tí ìjì ń bọ̀; ọjọ́ tí ó wá wo yàrá ni. Onílé tí ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà ti gba gbogbo àkókò ìkìlọ̀ tí ọmọ náà ní lọ́wọ́ rẹ̀. Tí opó náà bá sọ òtítọ́, kí ó dín owó ilé kù díẹ̀, kí ó gbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ga, kí ó sì fún ọmọ náà ní àyè láti kó ẹrù rẹ̀ wọ yàrá òkè tàbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. Èyí ṣeé ṣe. Ìjọ náà sì lè ran opó lọ́wọ́, nítorí pé kò yẹ kí á gbé àjàgà òtítọ́ lé ẹni tí ó tálákà jù nìkan lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ilẹ̀kùn ṣíṣí. Mo ti gbọ́ tí ẹ ń sọ ọ́ pé, “Ayé ti bàjẹ́, ta ni yóò gba ọmọkùnrin tí a kò mọ̀ sínú ilé lóru?” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ìyá tí ó dá gbé kò gbọ́dọ̀ tijú láti sọ pé òun kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ìjọ wà, kíláàsì iléèwé wà, tí wọ́n wà lórí òkè, tí páànù wọn sì lágbára. Kí ìyá méjì tàbí mẹ́ta jọ sùn níbẹ̀, kí àwọn ọkùnrin ìjọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí a kọ orúkọ olúkúlùkù sílẹ̀, kí àwọn ọmọbìnrin wà lọ́tọ̀. Kò sí ohun tuntun nínú èyí. Bí a ti ń ṣe ní ìpàdé ọdọọdún ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé nítòsí, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó lọ sí Ìbàdàn.

Ṣé a lè fipá mú ọmọ tí ó ti pé ọdún 20 jáde nínú yàrá rẹ̀? Èrò tèmi ni pé a kò lè ṣe é, kò sì yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí òun bá a sọ̀rọ̀. Ó wọ́pọ̀ kí ọmọ tí kò gbọ́ tiwa gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó dì í mú. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe agídí ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ̀rù ń bà á kí olè má kó kọ̀ǹpútà rẹ̀, tàbí ìwé ìwádìí rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, èyí tí ó ti kọ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ bá a gbé e. Ọmọ náà yóò tẹ̀lé ẹrù rẹ̀.

Ní ti ohun tí wọn yóò múra sílẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ìwé ẹ̀rí, fọ́tò àti káàdì ìdánimọ̀ wà nínú náílọ́ọ̀nù tí a dì ní ìlọ́po méjì, sí ibi gíga. Kí fóònù kún fún iná nígbà gbogbo ní àsìkò òjò, kí tọ́ọ̀ṣì wà ní ìdí ìbùsùn. Kí wọ́n ní gàárì àti omi mímu tí yóò tó ọjọ́ mẹ́ta. Bí omi bá ń wọlé, kí wọ́n pa iná mànàmáná ní ojú ìkànnì kí omi tó dé ibẹ̀, kí wọ́n má sì fi ọwọ́ tútù kàn án. Kí wọ́n jìnnà sí òpó iná àti igi ńlá, kí wọ́n má ṣe dúró sí abẹ́ páànù tí ìṣó rẹ̀ ti ń tú. Lẹ́yìn tí omi bá lọ, kí wọ́n má mu omi kànga láìsè é, nítorí àrùn onígbáméjì. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ mọ́ wọn létí jù ni ti jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá lọ tí òjò sì ń rọ̀, àwọn ọmọ a máa gbé e wọ kọ́rídọ̀ kí òjò má baà pa á, èéfín rẹ̀ a sì pa wọ́n lójú oorun, láìsí ìjì, láìsí omi. Nọ́ńbà tí a lè pè nígbà pàjáwìrì ni 112; kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, kì í ṣe sínú fóònù nìkan.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lẹ́bàá odò ní àdúgbò mi sínú ìwé kan, pẹ̀lú iye ọmọ tí ó wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà fóònù ìyá tàbí bàbá wọn, bí àwọn ọmọ náà bá gbà. Mo dé ilé mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí pé ta ni ó rán mi, mo ní kò sí ẹni tí ó rán mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó wá kọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ kí àwọn ìyá tí ń gbé ní ìhà Àpòmù àti ní Asẹ́jìrẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò tiwọn, kí oṣù kẹjọ tó wọlé, kí wọ́n sì mú àkọsílẹ̀ wọn wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀.